Ọjọ́ Tí Sáfà Kọ̀ Láti Dá Ẹ̀pẹ́ Lóhùn

Fóònù Morádéyọ̀ tún dún. Ó rí orúkọ olùkọ́ rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Àjàlá, lójú rẹ̀, ó sì jẹ́ kó dún díẹ̀ sí i kí ó tó gbé e. Gbogbo fèrèsé ilé wọn ní Ìpákodò ló wà ní títì pa, nítorí Orò ń jáde ní Ìkòròdú lọ́jọ́ náà, kò sì sí obìnrin tàbí ọmọbìnrin bíi tirẹ̀ tó gbọ́dọ̀ yọjú síta títí di ìrọ̀lẹ́. Ooru mú bí ẹni pé wọ́n dáná sínú yàrá. Ìyá àgbà rẹ̀, Màmá Kúbúrátù, jókòó sórí ẹní lẹ́bàá ògiri, ó ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀, ó sì ń bá ooru jà ní ohùn jẹ́jẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," ni Morádéyọ̀ wí.

"Morádéyọ̀, a kò mà tíì rí ọ̀nà wọlé ní Ẹ̀pẹ́ níbí o." Ohùn Ọ̀gbẹ́ni Àjàlá dà bí ti ẹni tó ti ń ti ọkọ̀ láti àárọ̀. "Mo ti yẹ wáyà wò. Mo ti yẹ íńtánẹ́ẹ̀tì wò. Kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Bí mo bá pe sáfà, ó ń dáhùn pé òun wà láàyè. Ṣùgbọ́n bí àwọn kọ̀ǹpútà wọ̀nyí bá ní kí àwọn wọ ibi tí ìbéèrè wà, yóò lé wọn padà. Ṣé o kò fọwọ́ kan nǹkan kan nínú ètò rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí?"

"Rárá, sà."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà."

Olùkọ́ náà mí kanlẹ̀. "Kò burú. A jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wa níbí ni àṣìṣe wà. N óò tú gbogbo àwọn kọ̀ǹpútà yìí palẹ̀, n óò sì tún wọn tò."

Ó pa fóònù. Morádéyọ̀ fi tirẹ̀ sórí ìrọ̀rí, ó sì dojú rẹ̀ dé ilẹ̀ bí ẹni tó ń bo ojú ẹlẹ́rìí.

Kọ̀ǹpútà àgbà ni sáfà jẹ́. Inú rẹ̀ ni gbogbo ìbéèrè ìdánwò àti máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà. Àwọn kọ̀ǹpútà yòókù kò ju àlejò tó ń kan ilẹ̀kùn lọ. Alhaja Wòsílátù tó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà jẹ́ ọmọ Ẹ̀pẹ́. Ní Ẹ̀pẹ́ ló ti kọ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó tó wá kọ́ èkejì sí ìtòsí Benson ní Ìkòròdú. Ìkòròdú yìí ni ó sì gbé sáfà kan ṣoṣo tí ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì ń lò sí, nítorí iná ibẹ̀ sàn díẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn òbí Ẹ̀pẹ́ ti ń kùn. Wọ́n ní Ẹ̀pẹ́ ni ìyálé, Ìkòròdú ni ìyàwó, ṣùgbọ́n yàrá ìyàwó ni wọ́n gbé ìkòkò ọbẹ̀ sí.

Ọjọ́ tí Orò jáde yìí ni ìdánwò àṣewò fún àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá ní Ẹ̀pẹ́. Àwọn ará Ìkòròdú ti ṣe tiwọn lánàá. Alhaja ti pe àwọn òbí kí wọ́n wá fojú ara wọn rí i pé ohun tí ọmọ Ìkòròdú ń rí lò ni ọmọ Ẹ̀pẹ́ náà ń rí lò. Nítorí pé ẹ̀rọ ti dójú ti í ní Ẹ̀pẹ́ rí, ó ti sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Àjàlá níṣojú gbogbo olùkọ́ pé bí ó bá tún rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yìí, kí ó wá iṣẹ́ mìíràn lọ.

Morádéyọ̀ mọ èyí. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú ilé-ẹ̀kọ́ náà.

Ọ̀gbẹ́ni Àjàlá nìkan ló ń kọ́ àwọn ọmọ ìlú méjèèjì ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Òní, ó wà ní Benson. Ọ̀la, ó ti gba ọ̀nà Ìtóìkín lọ sí Ẹ̀pẹ́. Nígbà tó rí i pé ènìyàn kan kò lè wà ní ìlú méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó yan Morádéyọ̀ láàárín gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, ó fi í ṣe olórí yàrá kọ̀ǹpútà ní Ìkòròdú, ó sì kó ọ̀rọ̀ aṣínà tí a fi ń ṣí sáfà lé e lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ tó kọ́kọ́ kọ́ ọ kò gùn: "Bí ẹ̀rọ tó ti ń ṣiṣẹ́ bá kọṣẹ́ lójijì, má ṣe kọ́kọ́ tú u palẹ̀. Kọ́kọ́ béèrè pé: kí ni a fọwọ́ kàn kẹ́yìn?"

Ohun tí a fọwọ́ kàn kẹ́yìn náà ni Morádéyọ̀ ń sá fún báyìí.

Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń fi ìbéèrè ọdún tó kọjá dánra wò lọ́sàn-án nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Ẹ̀pẹ́ náà wọlé, ni sáfà bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀. Jọláolúwa, ọ̀rẹ́ Morádéyọ̀ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, fi ọwọ́ lu tábìlì.

"Wọ́n tún ti dé o! Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ti kún inú sáfà bí èrò inú ọkọ̀ ojú omi. Ṣé kò ní rì báyìí?"

Yàrá bú sẹ́rìn-ín.

"Morádéyọ̀," ni Jọláolúwa tún wí, "ṣebí ọwọ́ ẹ ni ọ̀rọ̀ aṣínà wà? Ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, jàre, kí àwa náà rí ìbéèrè kà."

"Ọ̀gbẹ́ni Àjàlá á mọ̀."

"Ta ni yóò sọ fún un? Àbí wọ́n kàn fi ọ́ jẹ olórí yàrá kí o lè máa gbá a ni?"

Ẹ̀rín kejì yìí dun Morádéyọ̀ ju èkíní lọ. Ó lọ sídìí sáfà, ó tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà, ó sì ṣí fáìlì tí wọ́n kọ ètò rẹ̀ sí. Ìlà kan wà níbẹ̀ tó ń sọ fún sáfà irú àwọn kọ̀ǹpútà tó gbọ́dọ̀ dá lóhùn. Ti ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Morádéyọ̀ pa á rẹ́, ó sì kọ ọ́ pé kìkì àwọn tó wà nínú yàrá yẹn ni kí ó máa dá lóhùn. Ó fi pamọ́. Ó dúró. Kò sí ohun tó yí padà. Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ṣì wà lórí rẹ̀, sáfà sì ṣì ń wọ́.

Jọláolúwa pòṣé. "Olórí yàrá! Ibi tí agbára ẹ mọ náà nìyẹn?"

Ìtìjú mú Morádéyọ̀, ó pa fáìlì náà dé. Agogo lù, kò sì dá ìlà náà padà sí bó ṣe wà. Ní ọjọ́ kejì, Ẹ̀pẹ́ wọlé. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n tún wọlé. Ó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé sáfà kò gba ohun tí òun kọ, ó sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà títí olùkọ́ fi bi í. Yorùbá ní ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Nítorí náà ni "rárá" ṣe rọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó ń wí lọ́kàn rẹ̀ pé, "Ṣebí ọjọ́ Ajé ni mo fọwọ́ kàn án. Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ mi ni, ṣé Ẹ̀pẹ́ ì bá máa wọlé títí di àná?" Báyìí ni irọ́ ṣe rí àga fi jókòó.

Fóònù tún dún. Orúkọ olùkọ́ ló hàn, ṣùgbọ́n ohùn ọmọbìnrin ló jáde.

"Ìwọ ni Morádéyọ̀?"

"Èmi ni. Ta nìyẹn?"

"Hafeezah ni, olórí kíláàsì ní Ẹ̀pẹ́. Sà ní kí n bi ọ́ bóyá iná wà nídìí sáfà. Wọ́n wà lábẹ́ tábìlì, ẹ̀yìn wọn nìkan là ń rí."

"Iná wà. Ínfátà wà níbẹ̀."

"Ẹ kú ìgbádùn o. Ẹ̀yin ti jẹ tiyín lánàá, ẹ ti ń lá ọwọ́. Àwa ṣì jókòó ti ìkòkò." Hafeezah rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ìyá mi ti ìsọ̀ ẹja wọn ní Ọjà Olúwo nítorí kí wọ́n lè wá wò mí. Ìran tí wọ́n wá wò nìyí: ẹ̀yìn olùkọ́. Alhaja náà ti dé. Wọ́n ní tí ìdánwò yìí kò bá bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó pe ìrun Àlàásárì, kí Sà kó ẹrù wọn."

"Ṣé Alhaja sọ bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn?"

"Lójú gbogbo wa. Sà kàn bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n sì padà sábẹ́ tábìlì. Ó ṣe mí láàánú. Ìwọ sáà bá wa wádìí bóyá iná ò lọ lánàá."

Nígbà tí ohùn Hafeezah lọ tán, ìbéèrè náà kò lọ. Morádéyọ̀ yíjú sí ìyá àgbà rẹ̀.

"Màmá, ṣé iná lọ lánàá?"

"Àṣé òkú oorun lo sùn!" ni Màmá Kúbúrátù dáhùn. "Iná tó lọ kí a tó jẹun alẹ́, tó jẹ́ pé lẹ́yìn ìrun Àsùbá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé! Wọ́n ní títí dé Benson ló ṣókùnkùn."

Kò sí bí bátìrì ínfátà yẹn ṣe lè gbé ẹ̀rọ dúró fún gbogbo àkókò náà. Sáfà ti kú lóru, ó sì ti jí láàárọ̀. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yé Morádéyọ̀. Sáfà kì í tún ètò rẹ̀ kà nígbà tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ló máa ń kà á. Ohun tí òun kọ sílẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, àárọ̀ òní ni sáfà ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á. Ó ti kà á, ó sì ń ṣe bí wọ́n ṣe rán an: ó ń dá yàrá Ìkòròdú tó ṣófo lóhùn, ó sì ń lé Ẹ̀pẹ́ padà.

Ó dìde, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó dúró níbẹ̀.

"Kí ló dé tí o ń wo ilẹ̀kùn bí ẹni tí iṣu rẹ̀ ń jóná lójúde?" ni Màmá Kúbúrátù béèrè. "O mọ̀ pé a kì í jáde lónìí."

"Mo mọ̀, Màmá." Ó padà jókòó. "Màmá, bí wọ́n bá fẹ́ lé ẹnì kan lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ohun tí ẹlòmíràn ṣe ńkọ́?"

Páálí dúró lọ́wọ́ ìyá àgbà. "Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Bí ọ̀bẹ ọba bá wá ṣìnà lọ sórí ìka mìíràn, ṣé èyí tó ṣẹ̀ yóò ká sínú àtẹ́lẹwọ́ kó máa wòran ni?" Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ara rẹ̀. "Bá mi bu omi wá. Ooru yìí fẹ́ pa mí."

Bí Morádéyọ̀ ti ń bu omi, èrò mìíràn tún wá tàn án. Zikrullah, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ń gbé ní ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́. Ọkùnrin ni, ojú títì gbà á lónìí. Òun lè pè é ní bòókẹ́lẹ́ kí ó lọ tún ìlà yẹn kọ, Ẹ̀pẹ́ yóò wọlé, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ láéláé. Ó ti ń wá nọ́ńbà rẹ̀ nígbà tó rántí ohun tí olùkọ́ sọ: n óò tú gbogbo wọn palẹ̀. Bí Ọ̀gbẹ́ni Àjàlá bá ti yí ètò àwọn kọ̀ǹpútà Ẹ̀pẹ́ padà, wọn kò ní mọ ọ̀nà sáfà mọ́, bí ilẹ̀kùn rẹ̀ tilẹ̀ wà ní ṣíṣí. Àtúnṣe ìkọ̀kọ̀ kò lè gba ọkùnrin náà là. Àfi kí wọ́n sọ fún un kí ó dáwọ́ dúró.

Ó gbé omi fún ìyá àgbà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó pe Ẹ̀pẹ́.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú nǹkan kan mọ́. Èmi ni. Mo fọwọ́ kàn án ní ọjọ́ Ajé. Mo kọ ọ́ pé yàrá wa nìkan ni kí sáfà máa dá lóhùn. Kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ni mo bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Iná lọ lánàá, sáfà kú, ó jí láàárọ̀ yìí, ó sì kà á. Mo parọ́ fún yín, sà."

Ariwo tó gba inú fóònù wọlé ló jẹ́ kó mọ̀ pé ọwọ́ olùkọ́ dí, ó ti gbé fóònù sórí tábìlì, ohùn òun sì ti jáde sí gbangba. Ó gbọ́ tí ọkùnrin kan ń pariwo pé, "Ẹ ò rí i? Ṣebí a ti ń wí i! Ìkòròdú ló tilẹ̀kùn mọ́ wa!" Lẹ́yìn náà ni ohùn Alhaja Wòsílátù bo gbogbo ohùn mọ́lẹ̀.

"Àjàlá, ọmọ tí o kó ọ̀rọ̀ aṣínà mi lé lọ́wọ́ nìyí?"

"Òun ni, mà."

"Morádéyọ̀, ta ló rán ọ?"

Orúkọ Jọláolúwa dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó rántí ẹ̀rín yàrá náà. Ó tún rántí pé ìka òun ló tẹ bọ́tìnnì, kì í ṣe ti Jọláolúwa.

"Kò sí ẹni tó rán mi, mà. Èmi ni mo ṣe é."

"O ṣe é!" ni Alhaja wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ni Ọ̀gbẹ́ni Àjàlá gba ọ̀rọ̀ náà. Kò gbé ohùn sókè. Ó dà bí ẹni pé agbára tí yóò fi gbé e sókè kò sí. "Ìbínú lè dúró dè wá. Àwọn ọmọ yìí kò lè dúró. Morádéyọ̀, ọkùnrin wo ló wà nítòsí sáfà?"

Zikrullah ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà tí wọ́n pè é. "Ẹ̀yin obìnrin, ẹ sinmi lónìí, ìlú ti di tiwa," ni ó kọ́kọ́ wí, ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sáré. Ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè ṣílẹ̀kùn fún un. Ó jókòó sídìí sáfà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Mo ti ṣí fáìlì tí o wí. Nọ́ńbà pọ̀ nínú ẹ̀ bíi ti tẹ́tẹ́. Èwo ni kí n ta?"

"Zikrullah, má ṣàwàdà. Wá ìlà tó ní àdírẹ́sì yàrá wa."

"Mo rí i."

"Pa á rẹ́. Ohun tí mo bá pè ni kí o kọ. Má fi àlàfo sí i."

Morádéyọ̀ pè é, Zikrullah kọ ọ́. Ó tún pè é, Zikrullah sì kà á padà fún un bí ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó fi pamọ́. Morádéyọ̀ pe Ẹ̀pẹ́.

"Ó ṣì ń lé wa," ni Ọ̀gbẹ́ni Àjàlá wí.

Morádéyọ̀ lu orí ara rẹ̀. "Kò tíì kà á ni, sà! Ó ní láti sùn kó tún jí."

"Òtítọ́ ni," ni olùkọ́ wí. "Ó ti rẹ̀ mí débi pé mo gbàgbé. Sọ fún un."

Ẹ̀rù ba Zikrullah. "Kí n pa á? Tí kò bá jí mọ́ ńkọ́? Èmi kọ́ ni wọ́n máa sọ pé ó pa á?"

"Èmi ni. Orúkọ mi ni kí o dá. Pa á."

Ó pa á. Ó tún un tàn. Sáfà jí, ó ka ètò rẹ̀, ilẹ̀kùn sì ṣí. Ṣùgbọ́n ìyà kò tíì tán. Gbogbo kọ̀ǹpútà tí Ọ̀gbẹ́ni Àjàlá ti tú nítorí "rárá" kan, ó ní láti tún wọn tò lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹn sì gbà á ní àkókò. Nígbà tí Hafeezah pariwo nínú fóònù pé, "A ti wọlé! A ti wọlé o!" díẹ̀ ló kù kí wọ́n pe ìrun Àlàásárì. Ojú ọ̀run sì ti ṣú lórí ọ̀sà. Àwọn ọmọ tó ń wá láti abúlé òdìkejì omi ti dìde, wọ́n ti lọ bá ọkọ̀ ojú omi kí ìjì tó dé. Ìjókòó wọn ṣófo. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi fóònù tún ṣe nípa ìyẹn.

Alhaja kò lé Ọ̀gbẹ́ni Àjàlá. Ṣùgbọ́n ó pàṣẹ pé kò gbọ́dọ̀ kó ọ̀rọ̀ aṣínà lé akẹ́kọ̀ọ́ kankan lọ́wọ́ mọ́ láéláé, ní Ẹ̀pẹ́ tàbí ní Ìkòròdú. Àwọn ọmọ kéékèèké tó ti ń retí pé yóò kan àwọn náà, ọ̀nà wọn dí. Àwọn náà kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Jọláolúwa ní kí Morádéyọ̀ má bínú, ó ní ẹ̀fẹ̀ lásán lòun ń ṣe. Morádéyọ̀ kò bá a jà.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, wọ́n ṣètò ìdánwò mìíràn fún àwọn ọmọ òdìkejì omi. Morádéyọ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí olùkọ́ mú òun lọ. Nínú ọkọ̀, kí wọ́n tó kọjá Ìtóìkín, Ọ̀gbẹ́ni Àjàlá ti sùn lọ, orí rẹ̀ ń gbá fèrèsé, kò sì jí. Ìgbà náà ni Morádéyọ̀ kọ́kọ́ rí i bí ọ̀nà yẹn ti gùn tó.

Hafeezah pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo Morádéyọ̀ láti òkè délẹ̀. "Ìwọ nìyí? Pẹ̀lú gbogbo agbára yẹn, mo rò pé o máa ga ju báyìí lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ni Morádéyọ̀ wí fún un àti fún gbogbo àwọn tó jókòó. Àwọn kan dáhùn, àwọn kan kò dáhùn. Hafeezah ju aṣọ ìnulẹ̀ kan sí i. "Ó dáa. Bá mi nu àwọn kọ̀ǹpútà yìí. Eruku Ẹ̀pẹ́ kì í lé àlejò padà."

Ìdánwò lọ láìsí wàhálà. Nígbà tí wọ́n ń padà sí Ìkòròdú, Morádéyọ̀ béèrè ohun tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

"Sà, ṣé ẹ ti dárí jì mí?"

"Ó ti pẹ́." Ọ̀gbẹ́ni Àjàlá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Ohun tí o fọwọ́ kàn kọ́ ló dùn mí. Kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣi iṣẹ́; èmi náà ti ba sáfà jẹ́ rí. 'Rárá' tí o sọ ni. Mo gbà ọ́ gbọ́, Morádéyọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ sábẹ́ tábìlì."

Kò pẹ́ tí oorun fi tún gbé e lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, àṣìṣe kì í ṣe òpin ayé. Ìlà kan ni Morádéyọ̀ kọ, ìlà kan náà ni wọ́n sì fi tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá purọ́ fún ẹni tó ń wá àtúnṣe ti júwe ọ̀nà igbó fún arìnrìn-àjò, gbogbo ẹsẹ̀ tí onítọ̀hún bá sì fi rìn nínú igbó náà, ọrùn ẹni tó júwe rẹ̀ ni yóò wà. Bí wọ́n bá bi yín pé kí ni ẹ fọwọ́ kàn kẹ́yìn, ẹ sọ ọ́ kí àwọn ọmọ òdìkejì omi tó wọ ọkọ̀ wọn padà sílé.